Ọdún Wo Ni Igún Lọ? Bí Ẹ Ṣe Lè Máa Ka Ẹyẹ Àdúgbò Yín Kí Ó sì Wúlò

Nígbà tí mo wà ní kékeré, igún ló máa ń ṣáájú àwọn alápatà dé odò ẹran àdúgbò wa. Kí wọ́n tó pọ́n ọ̀bẹ, àwọn ẹyẹ náà ti tò sórí páànù, wọ́n ká ọrùn kò bí àgbàlagbà tí òtútù ń mú. Bí a bá ń lọ sílé ìwé, àwa ọmọdé a máa kà wọ́n: ogún, ọgbọ̀n, nígbà mìíràn iye a dàrú mọ́ wa lójú. Odò ẹran náà ṣì wà níbẹ̀ lónìí. Páànù rẹ̀ ti dípẹtà. Igún kan ṣoṣo kò sí lórí rẹ̀.

Mo bi àwọn tó ti ń pa ẹran níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ pé ọdún wo làwọn ẹyẹ yìí lọ. Ẹnìkan ní ayé Abacha ni. Èkejì ní irọ́ ni, pé wọ́n ṣì wà nígbà tí Ọbásanjọ́ padà wọlé ní 1999. Ìyá kan tó ń ta ata nítòsí wò mí títí, ó ní, "Àbí wọ́n ti lọ ni?" Ìbéèrè ìyá yẹn ló jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹyẹ.

Igún kì í ṣe ẹyẹ yẹpẹrẹ lọ́dọ̀ wa. Àwọn àgbà ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí. Wọ́n tún ní bí a ò bá rí igún, a kì í ṣẹbọ. Síbẹ̀ ó lọ lójú gbogbo wa, ẹnikẹ́ni ò sì lè fi ìwé hàn pé oṣù báyìí, ọdún báyìí ni iye rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Láti 2015 ni àjọ IUCN, tó ń kọ orúkọ àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu ìparun sílẹ̀, ti fi igún wa, Necrosyrtes monachus, sí ìpele tó burú jù lọ kí ẹ̀dá tó pòórá pátápátá nínú ìgbẹ́. Májèlé wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn tó ń pa á tà fún oògùn wà nídìí rẹ̀ pẹ̀lú. Ní 2020, ní orílẹ̀-èdè Guinea-Bissau, igún tó ju 2,000 lọ ló kú nípasẹ̀ májèlé láàárín oṣù díẹ̀, wọ́n sì ti gé orí àwọn kan nínú wọn lọ.

Ẹ wá wo Íńdíà. Ní àwọn ọdún 1990 ni igún tiwọn bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti ka igún tó wà ní ọgbà ẹyẹ Keoladeo ní àwọn ọdún 1980, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà lọ kà á, ìyàtọ̀ hàn gbangba, kò sẹ́ni tó lè pè é ní àsọdùn. Láàárín 1992 sí 2007, nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún igún ẹ̀yìn-funfun tó wà ní Íńdíà, ó ju mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún lọ tó ṣègbé. Wọ́n wá ìdí rẹ̀, wọ́n rí i: diclofenac, oògùn ìrora tí wọ́n ń fún màlúù, ló ń ba kíndìnrín igún jẹ́ bí igún bá jẹ òkú màlúù tó gbà á. Ní 2006, ìjọba Íńdíà fòfin de lílo oògùn náà fún ẹran ọ̀sìn. Ẹni tó ka igún nígbà tí igún ṣì pọ̀ bí eṣinṣin, tí kò ka iṣẹ́ náà sí ìranù, òun ló fún wọn ní ohun tí wọ́n fi mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín nìyẹn: bí ẹ ó ṣe máa ka ẹyẹ tó wọ́pọ̀, níbì kan náà, léraléra, kí ohun tí ẹ kà lè wúlò fún ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí. Kò gba ìwé ẹ̀rí. Télọ̀ lè ṣe é láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọmọ ilé ìwé girama lè ṣe é. Àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ń jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárọ̀, iṣẹ́ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ tiwọn.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mú ibì kan, kí ẹ má sì fi í sílẹ̀

Ẹ má wá igbó ńlá kiri. Ibi tí ẹ ń kọjá lójoojúmọ́ ló dára jù: ẹ̀yìnkùlé yín, pápá ilé ìwé, ọgbà mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, ààtàn, odò ẹran, ìdí igi mángòrò tí àwọn ọlọ́kadà ń dúró sí. Ẹni tó lọ sí igbó Òkómù lẹ́ẹ̀kan tó rí ẹyẹ àràmàǹdà, ó gbádùn ara rẹ̀, mo sì bá a yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ka ẹ̀gà orí ọ̀pẹ kan ṣoṣo ní Mọ́kọ́lá ní gbogbo Sátidé fún ọdún mẹ́ta, òun ló fún wa ní ohun tí a lè fi wéra.

Ẹ pa ààlà sí ibẹ̀ lọ́kàn: "láti géètì dé ìdí ọ̀pẹ kejì." Ẹ fún un ní orúkọ kan, kí ẹ sì máa kọ orúkọ náà bákan náà nígbà gbogbo. Lójú ìwé àkọ́kọ́, ẹ kọ ohun tó wà níbẹ̀: igi mélòó, irú igi wo, ṣé omi wà, ṣé wọ́n ń da ìdọ̀tí síbẹ̀. Bí wọ́n bá gé igi kan lọ́la, tàbí tí wọ́n da kọnkéré sí ilẹ̀, ẹ kọ ìyẹn náà pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì ẹ ó rí i pé ìlà kékeré yẹn ló ṣàlàyé ìdí tí àdàbà fi dín.

Ìgbésẹ̀ 2: Ohun èlò kò pọ̀

Jọ́tà kan, pẹ́ńsù kan, aago. Mo ní pẹ́ńsù nítorí pé òjò kì í pa á rẹ́ bí ó ṣe ń pa báírò rẹ́. Fóònù yóò wúlò fún fọ́tò, fún gbígba ohùn ẹyẹ sílẹ̀ àti fún fífi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láìsí i.

Báìnókúlà, awò tí ń fa ohun òkèèrè súnmọ́ ojú, lè dúró dìgbà tí iṣẹ́ náà bá ti wọ̀ yín lára. Bí ẹ bá máa rà á, nọ́ńbà méjì ni ẹ ó rí lára rẹ̀, bíi 8x42. Èyí àkọ́kọ́ ni iye ìgbà tó ń sọ nǹkan di ńlá; èkejì ni bí ojú gíláàsì iwájú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó ní mìlímítà, òun ló ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé. Ẹ ra 8x42 tàbí ohun tó súnmọ́ ọn. Àwọn tí ń polówó 20 tàbí 30 ń ta wàhálà fún yín: bí ọwọ́ bá gbọ̀n díẹ̀, ẹyẹ ti sá kúrò nínú awò.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ kọ́ ẹyẹ mẹ́wàá ní àkọ́mọ̀dunjú

Irú ẹyẹ tí wọ́n ti rí ní Nàìjíríà ju 900 lọ. Kò sẹ́ni tó mọ gbogbo wọn ní ọdún kan. Tèmi, mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tí màmá mi mọ orúkọ wọn: lékeléke, ẹ̀gà, ológoṣẹ́, àdàbà, ẹyẹlé, kannakánná, àwòdì, alápàǹdẹ̀dẹ̀, òwìwí, igún. Ẹ mọ mẹ́wàá yìí dáadáa, kí ẹ mọ̀ wọ́n bí ẹ ṣe mọ ìrìn ọmọ yín lókèèrè.

Bí ẹyẹ tí ẹ kò mọ̀ bá dé, ẹ má ṣe kọ́kọ́ wo àwọ̀ rẹ̀, nítorí oòrùn àti òjìji máa ń tan ojú jẹ lórí àwọ̀. Ẹ wo bí ó ti tóbi tó: ṣé ó ju ológoṣẹ́ lọ, ṣé ó tó àdàbà? Ẹ wo àgógó rẹ̀, ẹ wo ìrù, ẹ wo ohun tó ń ṣe, ilẹ̀ ló ti ń jẹ tàbí orí ẹ̀ka. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wo àwọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú méjì tó máa ń dàrú mọ́ni lójú. Àwòdì àti igún jọra tí wọ́n bá ń rà bàbà lókè. Ẹ wo ìrù: ti àwòdì gùn, ó ní àlàfo láàárín bí ìrù ẹja, ó sì máa ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni ń tukọ̀. Ìrù igún kúrú, apá rẹ̀ gbòòrò, ìyẹ́ ṣóńṣó apá sì là bí ìka ọwọ́. Èkejì ni ẹ̀gà, Ploceus cucullatus. Akọ rẹ̀ yẹ́lò, orí rẹ̀ dúdú, òun ló ń hun ìtẹ́ tó dà bí agbọ̀n kékeré sábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ. Abo rẹ̀ kò dán bẹ́ẹ̀, ó ṣú díẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń kà á sí ẹyẹ mìíràn. Ọdún kan gbáko ni èmi náà fi kà á bẹ́ẹ̀, mo ní láti padà lọ tún jọ́tà mi ṣe.

Lórí ọ̀rọ̀ orúkọ, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀. Gbogbo wa là ń gbàdúrà pé agbe ló laró, kì í ráhùn aró. Àlùkò ló losùn, kì í ráhùn osùn. Lékeléke ló lẹfun, kì í ráhùn ẹfun. Lékeléke nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti fojú rí. Ìdílé ẹyẹ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní turaco ni wọ́n ń ka agbe àti àlùkò mọ́, pupa tó sì wà nínú ìyẹ́ apá irú àwọn ẹyẹ bẹ́ẹ̀ jẹ́ ohun àrà: bàbà gidi, irin bàbà, wà nínú osùn náà. Àwọn tó fi wọ́n ṣàdúrà ti wò wọ́n fínnífínní kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣì wà lẹ́nu àwọn ọdẹ àti àgbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń bá wọn lọ sọ́run. Orúkọ ẹyẹ kan lè yàtọ̀ láti Ẹ̀gbá dé Èkìtì. Nítorí náà, bí ẹ bá fi fọ́tò ẹyẹ kan han bàbá ọdẹ kan tó sọ orúkọ rẹ̀, ẹ kọ orúkọ náà sílẹ̀ bó ṣe pè é gan-an, ẹ kọ ìlú tí wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀, ẹ sì gba ohùn bàbá náà sílẹ̀ tó bá gbà. Ní tèmi, iṣẹ́ yìí tó iṣẹ́ kíkà fúnra rẹ̀, kò sì sí àjèjì tó lè bá wa ṣe é.

Ìgbésẹ̀ 4: Kíkà gan-an

Àárọ̀ kùtùkùtù ló dára jù, láti nǹkan bí aago mẹ́fà àbọ̀ sí mẹ́jọ, kí oòrùn tó mú. Ẹ dé ibẹ̀, ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ara àwọn ẹyẹ balẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ohun yòówù tí ẹ bá mú, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí wákàtí kan, ẹ má yí i padà, nítorí ẹni tó bá kà pẹ́ yóò rí púpọ̀, ìyẹn kò sì sọ pé ẹyẹ pọ̀ sí i.

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni pé ẹyẹ kan náà lè fò lọ, kó padà, kí ẹ sì kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ rọrùn. Tí ẹ bá wà lójú kan, iye tó pọ̀ jù lọ tí ẹ rí pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni kí ẹ kọ. Bí àdàbà méjì bá kọ́kọ́ bà, tí wọ́n lọ, tí mẹ́rin wá bà lẹ́yìn náà, tí ọ̀kan sì tún yọjú níkẹyìn, mẹ́rin ni kí ẹ kọ, kì í ṣe méje.

Bí wọ́n bá jẹ́ ọ̀wọ́ ńlá, bíi lékeléke tó ń padà bọ̀ láti oko nírọ̀lẹ́, ẹ ka mẹ́wàá, kí ẹ wo bí mẹ́wàá ṣe fẹ̀ tó lójú, kí ẹ wá fi ìwọ̀n yẹn wọn ìyókù: mẹ́wàá, ogún, ọgbọ̀n. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìdíwọ̀n ni.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú jù lọ rèé: ẹ máa kọ òdo. Bí igún bá wà lára àwọn ẹyẹ mẹ́wàá yín, tí ẹ kò sì rí i, ẹ kọ "igún 0". Ẹni tí kò kọ nǹkan kan, a kò ní í mọ̀ bóyá kò rí i ni tàbí kò wò. Òdo ni ìyá aláta yẹn kò ní, òdo náà ni gbogbo àdúgbò wa kò ní.

Bí ojú ìwé mi ṣe máa ń rí nìyí:

Sátidé, aago 6:45 sí 7:00 àárọ̀. Ìdí mángòrò. Ọyẹ́ díẹ̀, kò sí atẹ́gùn. Ẹ̀gà 23. Àdàbà 4. Ológoṣẹ́ 6. Lékeléke 11, wọ́n ń fò lọ síhà odò. Àwòdì 1. Ẹyẹ dúdú kékeré, ìrù gígùn, lórí wáyà iná, 1, n kò mọ̀ ọ́n. Kannakánná 0. Igún 0.

Ẹ wo "n kò mọ̀ ọ́n" yẹn. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Orúkọ tí a méfò ló ń ba àkọsílẹ̀ jẹ́.

Yàtọ̀ sí iye, ẹ máa kọ ọjọ́ àkọ́kọ́. Lékeléke àti àwòdì kì í wà ní gúúsù wa ní gbogbo ìgbà ní iye kan náà. Ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n máa ń pọ̀. Ọjọ́ wo lẹ kọ́kọ́ rí lékeléke lẹ́yìn òjò ọdún yìí? Ọjọ́ wo lẹ rí i kẹ́yìn kí òjò tó balẹ̀? Bí ẹ bá ní ọjọ́ méjèèjì yìí fún ọdún mẹ́wàá, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àkókò òjò yóò hàn nínú rẹ̀. Àwọn ọmọdé ló yẹ ká fi iṣẹ́ yìí lé lọ́wọ́, nítorí wọn kì í jẹ́ kí lékeléke àkọ́kọ́ kọjá láìsá tẹ̀lé e kí èékánná wọn lè funfun.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ má jẹ́ kí ó kú sínú jọ́tà

Àkọsílẹ̀ tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kò gba ẹyẹ kan là. Ọ̀nà mẹ́ta ni mo mọ̀ tó dára láti gbé e dé ọwọ́ àwọn tí yóò lò ó, ọ̀fẹ́ sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

eBird ni mo máa ń sọ fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà ló ń bójú tó o, láti 2002. Ẹ gbé áàpù rẹ̀ sórí fóònù, ẹ forúkọ sílẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí kò ti sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Tí ẹ bá délé tí dátà wà, ẹ fi ránṣẹ́. Yóò bi yín bóyá ojú kan lẹ dúró sí tàbí ẹ ń rìn, ìṣẹ́jú mélòó, àti ìbéèrè pàtàkì kan: ṣé gbogbo ẹyẹ tí ẹ dá mọ̀ lẹ kọ, tàbí àwọn kan lẹ ṣà? Ẹ kọ gbogbo rẹ̀, kí ẹ sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ìdáhùn yìí ló ń sọ àìsí orúkọ ẹyẹ kan di òdo tó nítumọ̀. Bí ẹ kò bá rójú ka iye, ẹ lè fi X síbẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ńbà dára ju X lọ. Tí orúkọ Gẹ̀ẹ́sì bá ń dààmú yín, ẹ fi orúkọ sáyẹ́ǹsì wá ẹyẹ náà. Àkọsílẹ̀ àtijọ́ tó wà nínú jọ́tà náà ṣeé tẹ̀ wọlé pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀.

Èkejì ni iṣẹ́ àwòrán-ilẹ̀ ẹyẹ Nàìjíríà, tí wọ́n ń pè ní Nigerian Bird Atlas Project. Ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí ẹyẹ A. P. Leventis ní Jos wà nídìí rẹ̀, áàpù BirdLasser ni wọ́n sì ń lò. Wọ́n pín gbogbo orílẹ̀-èdè sí igun-mẹ́rin kéékèèké, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi kìlómítà 9. Wọn ju 10,000 lọ. Òfin wọn ni pé kí ẹ fi ó kéré tán wákàtí méjì rìn nínú igun-mẹ́rin kan, kí ẹ dé oríṣiríṣi ibi tó wà nínú rẹ̀, oko, odò, àárín ìlú, kí ẹ sì kọ irú ẹyẹ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí wọ́n ṣe tẹ̀léra wọn. Ẹ lè máa fi kún un títí di ọjọ́ karùn-ún. Nítorí pé ẹyẹ tó pọ̀ ló máa ń tètè yọjú, ìtẹ̀léra yẹn fúnra rẹ̀ ń sọ èyí tó wọ́pọ̀ àti èyí tó ṣọ̀wọ́n. Iṣẹ́ àwọn tó fẹ́ràn ìrìn nìyí, àti àwọn tó ń rìnrìn àjò lọ sí abúlé wọn: ó ṣeé ṣe kí ẹ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó kọ nǹkan sílẹ̀ nípa igun-mẹ́rin abúlé bàbá yín. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń wo ẹyẹ wà ní Ìbàdàn, ní Èkó àti ní àwọn ìlú mìíràn; ẹ bá wọn jáde lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó kọ́ ohun tí ìwé kò lè kọ́ yín.

Ẹ̀kẹta ni iNaturalist. Òun kò mọ lórí ẹyẹ: labalábá, alángbá, òdòdó, olú, ohunkóhun tí ẹ bá rí. Fọ́tò lẹ ó fi síbẹ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n yóò sì bá yín dárúkọ rẹ̀. Mo máa ń lò ó fún àwọn "n kò mọ̀ ọ́n" mi.

Ìgbésẹ̀ 6: Ohun tí kò yẹ kí ẹ sọ

Odídẹrẹ́, ayékòótọ́, Psittacus erithacus. Gbogbo ẹni tó mọ oríkì Ìwó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní 2016 ni àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú CITES, àdéhùn àgbáyé lórí títa ẹ̀dá inú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, fi í sí ipò àwọn ẹ̀dá tí kò ṣeé kó láti inú igbó lọ tà sókè òkun mọ́, nítorí pé àwọn tó ń kó ọmọ rẹ̀ tà ti sọ ọ́ di ọ̀wọ́n. Bí ẹ bá bá ihò igi tí odídẹrẹ́ ti ń pa ọmọ pàdé, ẹ má gbé fọ́tò rẹ̀ sí Facebook, ẹ má dárúkọ oko náà lórí WhatsApp. Bákan náà ni fún ìtẹ́ igún àti ti òwìwí ńlá. iNaturalist máa ń fi ibi tí ẹ ti rí i gan-an pa mọ́ fún ọ̀pọ̀ ẹ̀dá tó wà nínú ewu, ṣùgbọ́n ẹ má gbé gbogbo ọkàn lé áàpù. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ kọ́kọ́ pa ẹnu mọ́.

Ẹ má sún mọ́ ìtẹ́ tí ẹyin wà nínú rẹ̀ nítorí fọ́tò. Ẹ má fi fóònù kọ ohùn ẹyẹ sí i léraléra kó lè jáde. Ẹyẹ náà rò pé ọ̀tá ti wọ ilẹ̀ òun ni, á fi oúnjẹ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ wá jà.

Ìgbésẹ̀ 7: Ààbò yín

Èmi kì í wọ igbó nìkan mọ́, bí ọ̀nà ṣe rí lónìí. Ẹ bá ẹni tó mọ ibẹ̀ lọ, ẹ sọ fún ará ilé ibi tí ẹ ń lọ àti ìgbà tí ẹ ó dé. Bí ẹ bá fẹ́ kà ní abúlé tàbí ní ilẹ̀ ẹlòmíràn, ẹ kọ́kọ́ kí Baálẹ̀, ẹ kí olórí ọdẹ, ẹ fi jọ́tà yín hàn wọ́n. Ẹ̀ẹ̀mejì ni olórí ọdẹ ti fi ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé mi, tí ọmọ náà sì fi ẹyẹ hàn mí ju èyí tí mo lè dá rí lọ. Ẹ má gbé báìnókúlà kọ́ ọrùn nítòsí bárékè, àgọ́ ọlọ́pàá tàbí pápákọ̀ òfuurufú. Àlàyé yín lè dára, ó lè má ran yín lọ́wọ́. Tí igbó náà bá jẹ́ igbó òrìṣà, ẹ béèrè èèwọ̀ ibẹ̀ kí ẹ tó wọlé. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005, ṣì ní igi àti ọ̀bọ títí dòní nítorí pé àwọn ènìyàn pa èèwọ̀ mọ́: wọn kì í dọdẹ níbẹ̀, wọn kì í pẹja inú odò rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ fi nọ́ńbà yín jà fún wọn

Ní àdúgbò tí mò ń gbé báyìí, igi kan wà tí àwọn ẹ̀gà ń hun ìtẹ́ sí. Ariwo wọn pọ̀, ìgbẹ́ wọn ń ba ọkọ̀ jẹ́, ẹgbẹ́ onílé sì pinnu pé kí wọ́n gé e. Mo gbé jọ́tà lọ sí ìpàdé. N kò sọ̀rọ̀ ìfẹ́ ẹyẹ rárá. Mo ní, "Ìtẹ́ mọ́kànlélógójì ló wà lórí igi yìí lónìí. Lọ́dún tó kọjá àti èyí tó ṣáájú rẹ̀, wọ́n ti fò lọ tán kí ọyẹ́ tó dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró di ìgbà yẹn, ká wá gé àwọn ẹ̀ka tó yọ sórí ibi ìgbọ́kọ̀sí nìkan." Wọ́n wo ojú ìwé náà, wọ́n gbé e yí ká. Alága ní òun ò mọ̀ pé ẹnìkan ń ka nǹkan wọ̀nyí. Igi náà ṣì wà.

Lórí igún, àwọn alápatà ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀. Ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe da májèlé sínú ẹran nítorí ajá tàbí eku, nítorí igún ló máa ń jẹ òkú náà kẹ́yìn. Bí ẹnìkan bá wá ra orí igún lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n rántí ohun tí àwọn àgbà sọ nípa pípa igún. Mo ti bá àwọn babaláwo méjì sọ̀rọ̀ lórí èyí, àwọn méjèèjì ló sì bínú sí àwọn tó ń pa á. Ọ̀rẹ́ iṣẹ́ yìí ni wọ́n. Ẹ má bẹ̀rù láti kàn sí wọn. Bí ẹ bá rí igún tó ju ọ̀kan lọ tó kú síbì kan, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n, ẹ ya fọ́tò, ẹ kọ ọjọ́ àti àyè, kí ẹ sì fi tó ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ igbó ní ìpínlẹ̀ yín létí.

Àwọn ará Ìbàdàn ní ẹrù kan tí ìlú mìíràn kò ní. Ìbátan ẹ̀gà kan wà, ó dúdú, pupa wà ní orí àti àyà rẹ̀, Malimbus ibadanensis ni orúkọ tí J. H. Elgood fún un ní 1958. Orúkọ Ìbàdàn ló ń jẹ́ káàkiri ayé, gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan sì ni wọ́n ti ń rí i. Igbó inú ọgbà IITA, ilé iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, tó tó nǹkan bíi 350 hẹ́kítà, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tó ṣẹ́kù fún un. Ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé nítòsí igbó tó ṣẹ́ kù láàárín Ìbàdàn, Ìwó àti Ifẹ̀, kí ó máa wo àwọn ẹ̀gà dúdú dáadáa, kó sì ya fọ́tò.

Fún àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun

Ẹ̀yin náà kò gbẹ́yìn. Ní Bìrìtìkó, ìparí ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù kìn-ín-ní ni Big Garden Birdwatch, tí RSPB, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ẹyẹ níbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ní 1979: wákàtí kan péré, nínú ọgbà tàbí láti ojú fèrèsé fúláàtì yín. Ní Amẹ́ríkà, Great Backyard Bird Count ń wáyé ní oṣù kejì, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sì tó. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín bá yín kà, kí wọ́n kọ orúkọ Yorùbá sí ẹ̀gbẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì níbi tí a bá ti ní i. Bí ẹ bá sì wálé ní Disẹ́ńbà, ẹ fi àárọ̀ kan sílẹ̀ nínú gbogbo ayẹyẹ yẹn, kí ẹ kà ní ilé bàbá yín.

Ìgbésẹ̀ 9: Ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ yín

Ní ojú ìwé àkọ́kọ́ jọ́tà náà, lábẹ́ orúkọ ibẹ̀ àti ààlà rẹ̀, ẹ kọ bí ẹ ṣe ń kà: aago mélòó, ìṣẹ́jú mélòó, ibi tí ẹ ń jókòó sí, ìhà tí ẹ ń kọjú sí. Ẹ kọ ọ́ kí ọmọ ọdún méjìlá lè kà á kó sì ṣe é láìbi yín. Ẹ ya fọ́tò ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ní ìparí oṣù, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnìkan tó wà níta ilé yín. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ọmọ kan ládùúgbò, kó máa jókòó tì yín ní Sátidé kan nínú oṣù. Tèmi ń gbé lójúlé kejì, ó ti mọ ìrù àwòdì yàtọ̀ sí ti igún nínú fọ́tò. Igún gidi ni kò tíì rí, ṣùgbọ́n òun ló ń bá mi kọ òdo rẹ̀ báyìí.